Ohun Tó Ń Lúwẹ̀ẹ́ Nínú Ojú Ìyá

Ojú ẹlẹ́dẹ̀ kẹtàdínlógójì ni wọ́n gún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, síríǹjì tuntun náà sì tún ta gìrì bíi ti mẹ́rìndínlógójì tó ṣáájú rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn yọ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó yọ ti òsì, ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó ń wo ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára. Ìlà tó yẹ kó máa lọ gbọọrọ lójú ẹ̀rọ náà ti tún gòkè, ó sì já wálẹ̀ bí ẹni tó ṣìsẹ̀ lórí àkàsọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Rọ́bà tó wà lẹ́nu ọ̀pá síríǹjì lẹ̀ mọ́ inú ìgò síríǹjì náà, ó kọ̀, kò fẹ́ lọ. Ẹni tó ń tì í á fi agbára kún agbára. Lójijì rọ́bà á jọ̀wọ́ ara rẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì fò síwájú. Bó bá jẹ́ apá tàbí ìdí lèèyàn ń gún, ìyẹn ò ju kí aláìsàn fi eyín pa ètè lọ. Ṣùgbọ́n nínú ojú, ibi tí abẹ́rẹ́ wà àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ fara kàn kò jìnnà síra. Ìfò kékeré bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ojú.

"Ó tún fò?" Ọ̀gá béèrè láìgbé ojú kúrò nínú fáìlì tó ń kà.

"Ó tún fò, sà."

"Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ á ti máa fi wá sun níbi ìpàdé wọn báyìí."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé Ọ̀gá ń gbìyànjú. Ó ti rẹ òun náà. Irun orí rẹ̀ tó dúdú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti funfun létí méjèèjì.

Ilé iṣẹ́ wọn kò tóbi. Yàrá mẹ́ta ni, èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, síríǹjì tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ sínú ojú nìkan ni wọ́n sì ń ṣe. Gbogbo síríǹjì tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá ló ní òróró tí wọ́n fi pa inú rẹ̀, kí rọ́bà lè máa yọ̀ geere. Òróró yìí ló ń bá oògùn wọ inú ojú àwọn èèyàn kan. Ojú kò ní ibi tó máa dà á sí, bó bá ti wọlé, ó di ará ilé nìyẹn. Aláìsàn á máa rí ohun dúdú róbótó-róbótó tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri níwájú rẹ̀, tọ̀sán tòru. Ìdí nìyí tí Àbíkẹ́yìn fi dìde ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé kí wọ́n ṣe síríǹjì tí kò ní òróró kankan. Wọ́n pààrọ̀ ìgò, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n tún rọ́bà gbẹ́ ní ọ̀nà mọ́kàndínlógún. Òróró kò sí níbẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní òróró kì í yọ̀.

Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pè é nílé, torí pé òun ni ìyá rẹ̀ bí kẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, láti ọjọ́ tí ìyá náà ti pè é lórí fóònù níṣojú gbogbo wọn, tó ń pariwo pé, "Àbíkẹ́yìn mi, ṣé o ti jẹun?" Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Àbíkẹ́yìn nígbà yẹn.

Ìyá yìí gan-an ni kò jẹ́ kó sùn. Ojú òsì ìyá ti kú. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù, ẹ̀jẹ̀ sì ń jò lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ oṣooṣù ló ń dí ibi tó ń jò náà, síríǹjì tó ní òróró tí ilé iṣẹ́ Àbíkẹ́yìn ń ṣe ni wọ́n sì fi ń gún un. Oṣù méje sẹ́yìn ni ohun dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ nínú ojú kan ṣoṣo yìí, wọ́n sì ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń gún un. Nígbà tó di oṣù tó kọjá, ìyá ní òun ò lọ mọ́. Dókítà ojú pè, ó ní bí ìyá bá tún pa ti ọjọ́bọ̀ yìí jẹ, ẹ̀yìn ojú náà á di àpá, iná tó bá sì kú níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní lè tàn án.

Ìyá ti fún wọn lésì tirẹ̀. "Tuntun tí ọmọ mi ń ṣe ni mo máa gbà. Bí tọmọ mi ò bá tíì jinná, kí wọ́n fi mí sílẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

* * *

Nígbà tí Àbíkẹ́yìn délé nírọ̀lẹ́, ìyá jókòó sí ìdí fèrèsé, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Ọwọ́ ló fi ń mọ èyí tó jẹ́ búláòsì àti èyí tó jẹ́ aṣọ ìnura.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá."

"Káàbọ̀. Ó ti rẹ̀ ọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bàtà rẹ ló sọ fún mi. Ò ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí ẹni wọ́ igi ìdáná." Ó ká aṣọ kan, ó fi lé orí àwọn yòókù. "Ṣé ó ti jinná?"

"À ń ṣe é lọ́wọ́, Ìyá."

"Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń ṣe é lọ́wọ́. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni mo fi lóyún rẹ, o sì jáde pẹ̀lú ọwọ́ méjì ẹsẹ̀ méjì."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lọ gba èyí tó wà lọ́sibítù lọ́jọ́bọ̀ yìí ná. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré."

"Kí wọ́n tún fi méjì mìíràn kún un fún mi? Mọ́kànlá ni wọ́n báyìí. Mo mọ̀ wọ́n ju àwọn aládùúgbò lọ. Èyí tó tóbi jù, Onílé ni mo sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ wo ojú rẹ báyìí, Onílé á ti ṣáájú mi jókòó síbẹ̀. Imú rẹ nìkan ló ń fi sílẹ̀ fún mi, imú bàbá rẹ sì ni. Mo ti wò ó tó."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́, ó wá orúnkún ọmọ rẹ̀ títí ó fi rí i, ó gbá a pẹ́pẹ́.

"Mi ò bá ọ jà," ni ó wí. "Mo kàn fẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù mọ́. Bó bá máa lọ, kó lọ ní mímọ́."

Bí wọ́n ti jẹun tán ni ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́yìn, ọkùnrin tó jẹ́ àkọ́bí, pè láti ìlú tó ń gbé. Àbíkẹ́yìn gbé fóònù lọ sí ilé ìdáná.

"Ìwọ náà, o ti le jù," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìyá ò ríran tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa mọ síríǹjì kan yàtọ̀ sí èkejì. Jẹ́ kí wọ́n lo èyí tó wà ńlẹ̀, kó o ní tìrẹ ni. Ó parí."

"Kí n parọ́ fún Ìyá?"

"Irọ́ tó gba ojú là, ṣé irọ́ nìyẹn? Ìwọ ṣáà ronú sí i."

"Mo ti gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó pa fóònù, ó dúró ti abọ́ tí kò tíì fọ̀. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé ìmọ̀ràn náà kò bí i nínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé irọ́ ń dà bí ìsinmi lójú rẹ̀.

* * *

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbàyè lọ́dọ̀ Ọ̀gá, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ bá dókítà ojú pé kó fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un fún wọn. Dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà àbákọjá sì kún fún àwọn arúgbó tí wọ́n fi báńdéèjì bojú. Nọ́ọ̀sì àgbà rí Àbíkẹ́yìn tó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Wọlé, ọmọ mi, wá jókòó sọ́dọ̀ mi. Ìdúró yìí á pa ọ́."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn aláìsàn ń pe nọ́ọ̀sì yìí. Obìnrin tó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ rọ̀, òun ló sì ń fa oògùn sínú síríǹjì fún gbogbo ojú tí wọ́n ń gún nílé ìwòsàn náà. Láti ọdún wọ̀nyí tí Àbíkẹ́yìn ti ń mú ìyá rẹ̀ wá síbẹ̀, bẹ́ǹṣì tó wà níta ló mọ̀, ó máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìyá lórí itan. Kò wọ yàrá tí wọ́n ti ń fa oògùn rí. Bí a bá sì sọ òótọ́, kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́fà tó ń ṣe síríǹjì tó wọ ibẹ̀ rí.

Ó jókòó, ó ń wo Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì náà fa oògùn, ó yí abẹ́rẹ́ sókè, ó gbé síríǹjì dojú kọ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó fi ìka ta ara ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pó, pó, pó. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Pó, pó, pó.

"Màmá, kí lẹ ń ta á fún?"

"Afẹ́fẹ́ ni mò ń lé. Afẹ́fẹ́ máa ń fara pa mọ́ sí èjìká rẹ̀ níbí, lábẹ́ abẹ́rẹ́, bí mo bá ta á, á jáde. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo sì ti kọ́ gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nílé yìí." Ó rẹ́rìn-ín. "Bí àwọn aláìsàn mi ò bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní ṣé mi ò fẹ́ràn àwọn mọ́ ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fún gbogbo wọn?"

"Mẹ́ta fún gbogbo wọn. Àfi ìyá rẹ. Mẹ́fà ni mò ń ta tìyá rẹ."

"Kí ló dé tí ti Ìyá fi jẹ́ mẹ́fà?"

"Ṣé ojú kan kọ́ ló kù fún un ni? Láti ọjọ́ tí dókítà ti ní òsì ti kú pátápátá ni mo ti sọ fún ara mi pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó máa gba ọwọ́ mi wọ èkejì. Ó ti tó oṣù méje báyìí."

Àbíkẹ́yìn bá ara rẹ̀ lórí ìdúró. Kò rántí bó ṣe dìde. Nígbà tí dókítà pè é wọlé, gbólóhùn kan ni dókítà fi dá a lóhùn: "Bí èmi bá fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ò ní fún yín." Ó dúpẹ́, ó jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ibùdókọ̀.

* * *

"Síríǹjì ti tẹ́lẹ̀, sà. Èyí tó ní òróró. Mélòó ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Ọ̀gá wò ó. "Ìwọ tó ní o ò fẹ́ rí wọn mọ́?"

Àbíkẹ́yìn mú méjì, ó fa omi sínú wọn. Ó de àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀rọ bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹ̀rọ tì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi kán sórí awẹ́ gíláàsì. Ó gbé gíláàsì náà sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ̀kán òróró márùn-ún péré. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn ò lóye bí márùn-ún ṣe ń di àìmọye nínú ojú èèyàn, ìyẹn ni wọ́n fi gbà pé kí òróró kúkú má sí rárá.

Ó mú èkejì. Ó yí i sókè. Ó fi ìka ta á. Ọ̀gá ń ka pó náà láìmọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó di mẹ́fà, ó fún un jáde sórí gíláàsì, kò sì wò ó. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ fojú sí awò.

Ó pẹ́ kó tó gbórí.

"Bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́," ni ó wí.

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tí wọn ò ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà. Èyí tí wọ́n ta, wọn ò lè kà á tán.

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀rọ wa ò ní ìka," ni ó wí. "Ọdún mẹ́ta. Gbogbo ohun tí à ń dán wò, ẹ̀rọ là ń fi dán an wò, ẹ̀rọ ò sì ní ìka. Kò sí ẹni tó rò ó pé ká lọ dúró ti nọ́ọ̀sì kan fún wákàtí kan."

"Èmi ni mo ní ká yọ òróró, sà."

"Èmi ni mo gbà. Jókòó, má bá ara rẹ jà níwájú mi, kò sí okun tí màá fi là yín." Ó nu ojú. "Ó yẹ kí ẹnì kan lọ sọ fún nọ́ọ̀sì náà."

"Ẹ̀yin ni àgbà, sà."

"Ìyá mi kọ́ ló wà níbẹ̀."

* * *

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ohun tí Àbíkẹ́yìn ń rò lójú ọ̀nà lọ́jọ́rú nìyẹn. Ó mú àwòrán méjì lọ́wọ́, ti gíláàsì tí wọn ò ta àti ti èyí tí wọ́n ta. Ó bá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀ kí àwọn aláìsàn tó dé, ó tẹ́ àwọn àwòrán náà sórí tábìlì, ó ṣàlàyé.

Nọ́ọ̀sì náà wo èkejì pẹ́. "Ta ló ta eléyìí?"

"Èmi ni, Màmá. Ìka mi ni."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbójú sókè, ó sì rí ìdáhùn náà lójú Àbíkẹ́yìn.

"Mẹ́fà," ni nọ́ọ̀sì wí fúnra rẹ̀. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹrù kalẹ̀. "Mẹ́fà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta wọ́n."

"Kò sí ẹni tó sọ fún yín. Àwa tó ń ṣe é ni kò wá wò bí ẹ ṣe ń lò ó."

"Má tù mí nínú. Mi ò tíì sunkún." Ó yí àwòrán náà dojú bolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún yí i padà. "Wọ́n máa ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣé o mọ̀? Wọ́n á ní, 'Nọ́ọ̀sì, mò ń rí ohun kan tó ń fò, ṣùgbọ́n ẹ ṣeun, ọwọ́ yín ò dùn wá.' Èmi á ní afẹ́fẹ́ ni, á lọ. Bí mo ṣe sọ fún ìyá rẹ náà nìyẹn."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó dìde, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó mú síríǹjì kan.

"Ó dáa. Bí n ò bá ní ta á, báwo ni mo ṣe máa lé afẹ́fẹ́?"

Omi ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá yára fà á, afẹ́fẹ́ á pọ̀. Bí wọ́n bá fà á pẹ̀lẹ́, tí wọ́n yí i sókè, tí wọ́n sì dúró, èyí tó pọ̀ jù á gòkè fúnra rẹ̀, wọ́n á tì í jáde. Nígbà mìíràn díẹ̀ á kù sí èjìká, bíńtín bí orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, kò ní í lọ. Wọ́n pe dókítà wá wò ó. Dókítà wo àwòrán, ó wo síríǹjì, ó fọwọ́ pa iwájú orí.

"Ẹ fi afẹ́fẹ́ kékeré yẹn sílẹ̀," ni ó wí. "Ara á gbé e mì láàárín ọjọ́ méjì. Òróró ni ara kì í gbé mì."

"Ìka mi ń yún mi," Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. Kò sì fi ṣe àwàdà.

* * *

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ìyá béèrè ohun tí Àbíkẹ́yìn mọ̀ pé ó máa béèrè.

"Ọ̀la ńkọ́? Ṣé tìrẹ ni wọ́n máa lò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lẹ́nu Àbíkẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ojú á là, òun náà á sì sùn. Ìyá yí etí sí i, ó ń dúró, ojú kan náà ṣí sílẹ̀, kò wo ibì kankan pàtó.

"Rárá, Ìyá. Tèmi ò tíì dáa. Ó máa ń fò. Bí wọ́n bá fi gún yín, ó lè fọ́ ojú yín. Mi ò sì mọ ìgbà tó máa dáa."

Àbíkẹ́yìn bá sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀rọ tí kò ní ìka, mẹ́ta fún gbogbo ayé, mẹ́fà fún ìyá.

"Mo máa ń ka mẹ́fà yẹn," ni ìyá wí níkẹyìn. "Láti orí bẹ́ẹ̀dì, màá máa kà á. Mo rò pé ó ń ṣìkẹ́ mi ni."

"Ó ń ṣìkẹ́ yín ni, Ìyá."

"Ìkẹ́ yìí kúkú pọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn mọ́kànlá yìí, ṣé wọ́n á lọ báyìí?"

"Wọn ò ní lọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò ní sí ìkejìlá."

"Ó dá ọ lójú, àbí ò ń rò bẹ́ẹ̀?"

"Mò ń rò bẹ́ẹ̀. Lórí gíláàsì ni mo ti rí i, mi ò tíì rí i nínú ojú ẹnikẹ́ni."

Ìyá mi orí. "O lè ti parọ́ fún mi, kí n sì gbà ọ́ gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi gbà mí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ yẹn!" Ìyá bú sẹ́rìn-ín lójijì, ẹ̀rín tí Àbíkẹ́yìn ti gbàgbé pé ó ní. "Láti kékeré ló ti máa ń jẹ ẹran tán kó tó ní ológbò ni." Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà lọ. "Màá lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá dúró ti nọ́ọ̀sì. Etí mi mú. Bí mo bá gbọ́ pó kan ṣoṣo, màá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, màá sì máa bọ̀ nílé lẹ́sẹ̀."

* * *

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora sí ìyá lójú, wọ́n fi aṣọ bo ojú rẹ̀ àfi ibi tí wọ́n máa gún, wọ́n fi wáyà kékeré di ìpénpéjú rẹ̀ mú kó má bàa padé. Àbíkẹ́yìn wọ aṣọ ọsibítù, ó bo imú, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì fa oògùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń fa okùn lára ọgbẹ́. Ó yí i sókè. Ìka rẹ̀ gbéra, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó dúró sínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ pa ojú dé, ó ká ìka náà padà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀.

Wọ́n dúró. Yàrá náà dákẹ́ débi pé a lè gbọ́ omi tó ń kán sínú básíìnì.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ìyá wí lábẹ́ aṣọ.

"Kò sí ohun tí ẹ máa gbọ́, Ìyá," Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dáhùn.

Afẹ́fẹ́ gòkè, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ tì í jáde. Ó ku bíńtín kan sí èjìká. Ó wo dókítà, dókítà mi orí pé kó gbé e wá. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́yìn ìyẹn. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, dókítà tẹ òwú mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò, ìyá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ara rẹ̀ le gbandi.

"Mo rí ọ̀kan. Tuntun ni. Ó dúdú, ó róbótó, nísàlẹ̀ níbí ló wà. Ó tóbi ju Onílé lọ."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ yí ojú sí ògiri.

"Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá," dókítà wí. "Á lọ láàárín ọjọ́ méjì."

"Ohun tí ẹ sọ fún mi lóṣù méje sẹ́yìn náà nìyẹn," ìyá wí. Kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi délé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àbíkẹ́yìn ò lọ síbi iṣẹ́. Ó se oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ tán. Ó fọ ilé tó mọ́. Nígbà mẹ́rin ló béèrè, nígbà mẹ́rin ni ìyá ní ó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyá ní, "Bí o bá tún bi mí, màá sọ ìwọ náà lórúkọ, kí n kà ọ́ mọ́ wọn." Nírọ̀lẹ́ ìyá ní ó dà bíi pé èyí tuntun náà ti rù, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú, ó sì lè jẹ́ pé òun ló wù kó rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ pè lẹ́ẹ̀mejì. Kò béèrè nǹkan kan ju "Ṣé ara Ìyá le?" lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àbíkẹ́yìn bá ìyá níwájú ògiri funfun tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó ń yí orí síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún, ó sì ń fi ìka kà.

Àbíkẹ́yìn dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́kànlá," ìyá wí.

"Ẹ tún un kà, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ àwọn ayálégbé mi ni? Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó o tó jí. Mọ́kànlá ni. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti lọ."

Àbíkẹ́yìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Inú rẹ̀ kò dùn bó ṣe rò pé ó máa dùn. Àárẹ̀ nìkan ló wá, àárẹ̀ ọdún mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá tọ̀ ọ́ wá, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀.

"Lọ sùn."

"Mo fẹ́ kọ̀wé kan ná. Sí gbogbo ọsibítù tó ń lo síríǹjì wa. Àwọn nọ́ọ̀sì wọn á ṣì máa ta á báyìí tí à ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Kọ ọ́ níbí. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Àbíkẹ́yìn mú bébà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́. Ó kọ pé kí wọ́n má fi ìka ta á mọ́. Ó kọ pé kí wọ́n fà á pẹ̀lẹ́, kí wọ́n yí i sókè, kí wọ́n ní sùúrù, àti pé bí afẹ́fẹ́ bíńtín bá kù, kò burú. Ó kọ pé síríǹjì tí kò ní òróró kò tíì dáa, àwọn sì máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé bírò dúró.

"Ẹ̀bi ta lo kọ síbẹ̀?" ìyá béèrè.

"Mi ò tíì kọ ọ́."

"Ṣé ti nọ́ọ̀sì ni?"

"Rárá. Tiwa ni. Àwa la ṣe é láì wo ọwọ́ tó máa lò ó."

"Kọ ìyẹn sókè pátápátá, kí wọ́n kọ́kọ́ rí i," ìyá wí. Ó fa àga, ó jókòó tì í.

Àbíkẹ́yìn mú bébà mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.